Ìdí tí fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá fi ń gba wákàtí kan kó tó jáde, àti ohun tí timecode ń ṣe níbẹ̀

Ìbéèrè mẹ́ta kan wà tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fídíò máa ń béèrè ṣáá. Èkíní: iṣẹ́ ti parí, wọ́n ti gé e, wọ́n ti tò ó, wọ́n tẹ export kó lè di fáìlì kan tó ṣeé fi ránṣẹ́, ni kọ̀ǹpútà bá ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, wákàtí kan kò tó o. Èkejì: ohùn àti ẹnu bára mu dáadáa níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ nígbà tí fídíò máa fi dé ìdajì, ẹnu ti dákẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ẹ̀kẹta: ẹni tó ni iṣẹ́ kọ̀wé wá pé "ẹ yọ ọ̀rọ̀ tó wà ní ìṣẹ́jú 22 kúrò," olóòtú ṣí iṣẹ́ náà, ohun tó bá ní ìṣẹ́jú 22 kì í ṣe ohun tí onítọ̀hún ń sọ rárá.

Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n so kọ́ra. Ohun tó ń jẹ àkókò jù nínú iṣẹ́ fídíò ni pé iṣẹ́ wúwo kan náà là ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Timecode, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá àwòrán kọ̀ọ̀kan inú fídíò mọ̀, ló sì ń jẹ́ kéèyàn lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan kó bọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìyára tí kò ka timecode sí máa sáré tán, á tún padà wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí là ń pè ní encoding gan-an?

Àwòrán tó dúró sójú kan ni fídíò. Wọ́n kàn to wọ́n tẹ̀léra, wọ́n sì ń yára kọjá níwájú wa débi pé ojú wa ń rí i bí ohun tó ń rìn. Àwòrán kọ̀ọ̀kan nínú wọn là ń pè ní férémù. Tí wọ́n bá ní fídíò kan jẹ́ 25 fps, férémù 25 ló ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Férémù HD kan fẹ̀ ní píksẹ́lì 1920, ó ga ní 1080. Ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, ẹ máa rí píksẹ́lì 2,073,600. Tí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì mẹ́ta, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù, férémù kan ṣoṣo ti lé ní báìtì mílíọ̀nù mẹ́fà. Férémù 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó nǹkan bíi megabyte 155, wákàtí kan sì ti tó gigabyte 560. Kò sẹ́ni tó máa fi ìyẹn ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Encoding ni iṣẹ́ tó ń fún ẹrù yìí pọ̀ kó lè ṣeé gbé. Ọgbọ́n tó ń lò ni pé férémù tó tẹ̀léra sábà máa ń jọra. Tẹ́nì kan bá jókòó tó ń sọ̀rọ̀, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ò kúrò níbi tó wà. Ètè, ojú àti ọwọ́ nìkan ló ń yí padà. Torí náà, kọ̀ǹpútà máa tọ́jú férémù kan lódindi, èyí tí wọ́n ń pè ní keyframe. Fún àwọn tó tẹ̀ lé e, ohun tó yí padà àti ibi tó ṣí lọ ló máa kọ sílẹ̀. Àwọn férémù kan tiẹ̀ wà tó ń wo ẹ̀yìn, tó sì tún ń wo iwájú, kí ohun tí wọ́n máa kọ lè kéré sí i.

Kó tó mọ ibi tí nǹkan ṣí lọ, ó ní láti wá a. Á pín férémù sí àpótí kéékèèké onígun mẹ́rin, á mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, á máa wò ó pé: èyí dà nínú férémù tó ṣáájú? Ṣé ó ti sún díẹ̀ sápá òsì? Ṣé ó ti lọ sókè? Ó ń ṣe èyí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpótí nínú férémù kan, kó tó bọ́ sórí férémù tó kàn. Wíwá yìí ni iṣẹ́ gan-an, ibẹ̀ sì ni àkókò ń lọ sí.

Ìlànà tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀ là ń pè ní codec. H.264 jáde ní 2003, H.265 ní 2013, AV1 ní 2018. Èyí tó bá jẹ́ tuntun máa ń jẹ́ kí fáìlì kéré sí i, àmọ́ ọ̀nà tó máa ń gbà wá nǹkan pọ̀ ju ti èyí tó ṣáájú lọ, ó sì ń pẹ́ sí i. Ohun kan wà tí àwọn èèyàn ń kó pọ̀ mọ́ codec o: MP4, MOV, MXF àti MKV kì í ṣe codec. Ohun tí wọ́n ń kó àwòrán, ohùn àti timecode sínú rẹ̀ ni wọ́n. H.264 kan náà lè wà nínú MP4, ó sì lè wà nínú MOV. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó máa ṣiṣẹ́ fún wa láìpẹ́.

Kí ló ń fa ìdádúró?

Tí ẹ bá tẹ export, encoding nìkan kọ́ ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe. Ó kọ́kọ́ ní láti tú fáìlì tó ti inú kámẹ́rà wá, torí wọ́n ti fún òun náà pọ̀. Lẹ́yìn náà, á ṣe gbogbo ohun tí ẹ ní kó ṣe sí àwòrán: títún àwọ̀ ṣe, kíkọ lẹ́tà sí i lára, yíyọ hóró-hóró inú òkùnkùn kúrò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni encoding, ẹ̀yìn encoding ni kíkọ fáìlì sórí dísìkì. Èyí tó bá lọ́ra jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ìyókù máa dúró dè.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ná owó dànù. Wọ́n á ra graphics card tuntun, nígbà tó jẹ́ pé dísìkì tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà ló ń fa ìdádúró. Kí ẹ tó ra nǹkan kan, ẹ mú ìṣẹ́jú kan péré nínú iṣẹ́ yín, ẹ export rẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ wo iye àkókò tó gbà. Ẹ wá pa gbogbo effect tó wà lórí ẹ̀, ìyẹn àwọn ohun tí ẹ ní kó ṣe sí àwòrán, kí ẹ tún un ṣe. Tó bá yára gan-an lẹ́ẹ̀kejì, effect ló ń gba àkókò yín, codec kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Tí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹ kó fáìlì náà sórí dísìkì inú kọ̀ǹpútà, kí ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kẹta.

Nígbà tí export bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ ṣí Task Manager lórí Windows tàbí Activity Monitor lórí Mac. Tí CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, bá wà lórí 100%, òun ló ń ṣiṣẹ́ àṣelàágùn. Tí CPU àti GPU, ìyẹn chip tó ń bójú tó àwòrán, bá jókòó tí wọn ò ṣe nǹkan gidi kan, wọ́n ń dúró de nǹkan ni, dísìkì ló sì sábà máa ń jẹ́.

Tó bá jẹ́ effect ló ń fà á, ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ rọrùn. Yíyọ hóró-hóró kúrò nínú fídíò 4K wúwo gan-an, torí píksẹ́lì 4K jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti HD. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ẹ tọ́jú èsì rẹ̀ sí codec tí wọ́n ṣe fún editing, bíi ProRes tàbí DNxHR, kí ẹ máa lo ìyẹn lọ. Férémù kọ̀ọ̀kan ló dá dúró lódindi nínú àwọn codec yẹn, kò sí wíwo ẹ̀yìn wo iwájú, ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi ń tú wọn láìsí wàhálà. Fáìlì wọn tóbi, mi ò parọ́ fún yín. Àmọ́ ààyè lórí dísìkì ṣeé rà.

Kí lẹ lè yí padà kí encoding lè yára?

Ohun àkọ́kọ́ ni preset, ìyẹn ètò tí wọ́n ti tò sílẹ̀ tó ń sọ bí encoding ṣe máa yára tó. x264, tó jẹ́ sọ́fítíwià tí FFmpeg àti HandBrake ń lò fún H.264, ní orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ láti ultrafast, tó gba veryfast, medium àti slow kọjá, títí dé veryslow, kó tó wá kan placebo. Àwọn èèyàn rò pé bó bá ṣe lọ́ra tó ni àwòrán á ṣe dára tó. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá ń lo CRF. CRF ni nọ́ńbà tí ẹ fi ń sọ bí ẹ ṣe fẹ́ kí àwòrán mọ́ tó, láti 0 títí dé 51. Bó bá ṣe kéré tó ni àwòrán á ṣe mọ́ tó, 23 sì ni x264 máa lò tí ẹ ò bá sọ nǹkan kan. Tí ẹ bá ti yan ìyẹn, preset á kàn máa sọ bí kọ̀ǹpútà ṣe máa wá nǹkan jìnnà tó kó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá wá a díẹ̀, fáìlì á tóbi. Tó bá wá a dáadáa, fáìlì á kéré. Ìrísí àwòrán ò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àfi tí ẹ bá lọ sí ultrafast.

Torí náà, tó bá jẹ́ ẹ̀dà tí ẹnì kan fẹ́ wò lálẹ́ òní kó lè fèsì ni, veryfast ti tó. Tó bá jẹ́ fáìlì tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn máa wò, ó tọ́ kí kọ̀ǹpútà fi gbogbo òru ṣe é pẹ̀lú slow. Placebo ni mi ò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó lò. Ó ń pẹ́ gan-an, ohun tó ń mú wá kò tó nǹkan.

Ohun kejì ni apá kan nínú chip tí wọ́n dìídì ṣe fún encoding. Ti Nvidia ń jẹ́ NVENC, ti Intel ń jẹ́ Quick Sync, ẹ sì máa ń dé ti AMD nípasẹ̀ AMF, ti Apple nípasẹ̀ VideoToolbox. Wọ́n yára kọjá CPU lọ́nà tó ya èèyàn lẹ́nu. Ohun tí wọ́n fi ń san án ni pé tí fáìlì méjèèjì bá tóbi bákan náà, èyí tí x264 fara balẹ̀ ṣe sábà máa ń mọ́ jù, pàápàá níbi tí omi ń ṣàn tàbí tí ewé ń mì. Ẹ fi bitrate, ìyẹn ìwọ̀n dátà tí ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ń gbà, kún un díẹ̀, ìyàtọ̀ náà á dínkù. Gbogbo ẹ̀dà tí wọ́n fẹ́ fi yẹ iṣẹ́ wò, NVENC tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ló yẹ kó ṣe é. Mi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi máa dúró de CPU fún ìyẹn.

Two-pass ńkọ́? Ó máa ń ka fídíò já lẹ́ẹ̀kan, á padà wá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, torí náà ó ń fi àkókò gidi kún un. Ìgbà tó wúlò ni ìgbà tí wọ́n bá ní fáìlì kò gbọ́dọ̀ kọjá ìwọ̀n kan. Tí kò bá sẹ́ni tó fún yín ní ìwọ̀n, CRF tó ṣe é lẹ́ẹ̀kan ti tó.

Èyí tó yára jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni kéèyàn má ṣe encoding rárá. Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé H.264 lè wà nínú MOV, ó sì lè wà nínú MP4. Tí wọ́n bá fún yín ní MOV, tí ibi tí ẹ fẹ́ gbé e lọ sì ní MP4 lòun fẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn á tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, àwòrán á bàjẹ́ díẹ̀ sí i, àkókò á lọ. Ìlà kan ṣoṣo lórí FFmpeg ti tó:

ffmpeg -i ise.mov -c copy ise.mp4

"-c copy" ló ń sọ pé kó má fọwọ́ kan àwòrán àti ohùn, kó kàn kó wọn sínú MP4 bí wọ́n ṣe wà. Fídíò wákàtí kan lè parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ tún lè fi ṣẹ́ apá kan kúrò lára fídíò gígùn, kẹ́ ẹ sá ti mọ̀ pé orí keyframe nìkan ló ti lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa, kì í ṣe orí férémù èyíkéyìí tó wù yín.

Kí ni proxy, kí ló sì fi mú timecode wọ ọ̀rọ̀ yìí?

Fáìlì kámẹ́rà tó wúwo máa ń jẹ́ kí editing ṣòro, kọ̀ǹpútà á máa kọsẹ̀ níbi gbogbo. Proxy ni ẹ̀dà kékeré tí wọ́n ṣe nínú fáìlì yẹn. Èèyàn á fi ẹ̀dà kékeré gé e, á tò ó, á tún un tò, gbogbo rẹ̀ á máa yá. Tó bá wá kù díẹ̀ kó parí, sọ́fítíwià á yọ proxy kúrò, á fi fáìlì gidi rọ́pò, á sì ṣe iṣẹ́ wúwo náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. DaVinci Resolve, Premiere Pro, Final Cut Pro àti Avid Media Composer ló ń ṣe èyí.

Báwo ló ṣe ń mọ ibi tí wọ́n ti gé e nínú fáìlì gidi? Orúkọ fáìlì ló kọ́kọ́ ń wò. Lẹ́yìn ìyẹn, timecode. Tí fáìlì gidi bá bẹ̀rẹ̀ ní 14:22:10:05, tí proxy rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 00:00:00:00 torí pé ẹni tó ṣe é kò bìkítà, sọ́fítíwià lè kọ̀ pé òun ò mọ̀ wọ́n ní tẹbí, tàbí kí gbogbo ibi tí ẹ gé ṣí kúrò nípò. Gbogbo ìyára tí ẹ rí níbi proxy, ibẹ̀ yẹn ni ẹ máa dá a padà sí.

Kí ni timecode?

Ẹ wo àdúgbò kan tí gbogbo ilé ibẹ̀ ní nọ́ńbà lára ògiri. Férémù ni ilé, timecode ni nọ́ńbà ojúlé. Nọ́ńbà kọ́ ni ilé, àmọ́ tí nọ́ńbà ò bá sí, kò sí bí lẹ́tà ṣe máa débi tó ń lọ.

Nọ́ńbà náà pín sí ọ̀nà mẹ́rin: wákàtí, ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú àáyá, férémù. 01:02:10:14 túmọ̀ sí wákàtí 1, ìṣẹ́jú 2, ìṣẹ́jú àáyá 10, férémù 14. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sinimá àti tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní SMPTE ló fìdí ìlànà rẹ̀ múlẹ̀, ìyẹn ni àwọn kan fi ń pè é ní SMPTE timecode.

Kò di dandan kí nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Àwọn kámẹ́rà ńlá máa ń fún èèyàn láyè láti yan ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì. Nínú rec run, nọ́ńbà ń lọ nígbà tí kámẹ́rà bá ń gba àwòrán nìkan. Nínú free run, ó ń lọ bí aago, yálà kámẹ́rà ń gba àwòrán tàbí kò gbà á. Free run ló dára tí kámẹ́rà bá ju ọ̀kan lọ, torí tí aago gbogbo wọn bá bára mu, 14:22:10:05 lórí kámẹ́rà kan àti lórí èkejì jẹ́ àsìkò kan náà. Kámẹ́rà lè yẹ̀ kúrò lórí aago díẹ̀díẹ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún aago wọn ṣe ní àárín iṣẹ́.

Bákan náà, iṣẹ́ tó ti parí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní 01:00:00:00, kí ààyè lè wà ṣáájú rẹ̀ fún àwòrán ìlà aláràbarà àti ohùn ìdánwò. Ẹ wá padà síbi ìbéèrè kẹta tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ni iṣẹ́ ń wo MP4 tó bẹ̀rẹ̀ láti òdo, olóòtú ń wo timeline, ìyẹn ibi tó ti ń to iṣẹ́ nínú sọ́fítíwià, tó bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí kan, ìyẹn ò ṣòro láti mọ̀. Èyí tó ń dójú rú ni kí ẹ̀dà tí ẹ fi ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú mélòó kan ṣáájú tí timeline ò ní. Ẹ kọ timecode sára àwòrán fúnra rẹ̀ nínú gbogbo ẹ̀dà tí ẹ bá fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì sọ fún wọn pé nọ́ńbà tó wà lára àwòrán ni kí wọ́n kọ, kì í ṣe èyí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó.

29.97 wo nìyẹn, kí ló dé tí kì í ṣe 30?

Ibí ló ti ń sú àwọn èèyàn, mo sì fẹ́ kí a fara balẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n jẹ́ dúdú àti funfun, férémù 30 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní Amẹ́ríkà, torí iná mànàmáná wọn jẹ́ 60 hertz. Ilẹ̀ Yúróòpù tí tiwọn jẹ́ 50 hertz mú 25. Nígbà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ní 1953, wọ́n fẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n dúdú àti funfun tó wà nílé àwọn èèyàn ṣì lè gbà á. Wọ́n fi àmì àwọ̀ há àárín àmì àwòrán àti àmì ohùn. Àmì àwọ̀ àti àmì ohùn wá ń kọ lu ara wọn, ó sì lè mú kí nǹkan tó jọ ìlà máa hàn lára àwòrán. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yọ nínú ẹ̀ ni pé wọ́n dín iye férémù kù díẹ̀, wọ́n fi 1.001 pín in. 30 wá di 29.97. Àwọn tẹlifíṣọ̀n yẹn ti kúrò nílé àwọn èèyàn tipẹ́, àmọ́ nọ́ńbà yẹn ṣì wà nínú kámẹ́rà àti sọ́fítíwià wa títí dòní. Ibẹ̀ náà ni 23.976 àti 59.94 ti wá.

Ìṣòro rẹ̀ rèé. Timecode ò mọ ìdá nínú férémù, odidi ló ń kà. Torí náà, ó ń ka férémù 30 kó tó pe ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tó jẹ́ pé férémù 29.97 ló ń kọjá. Tí timecode bá ka wákàtí kan, aago gidi á ti fi ìṣẹ́jú àáyá 3.6 kọjá wákàtí kan. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ta wákàtí kan ò lè gba èyí.

Ohun tí wọ́n ṣe ni drop-frame. Orúkọ yẹn ń tan àwọn èèyàn jẹ, wọ́n rò pé wọ́n ń ju àwòrán nù. Ẹ padà sí àdúgbò wa: wọn ò wó ilé kankan, wọ́n kàn fo nọ́ńbà ojúlé méjì nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Lẹ́yìn 00:00:59;29, èyí tó tẹ̀ lé e kì í ṣe 00:01:00;00, 00:01:00;02 ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ìṣẹ́jú, àfi ìṣẹ́jú tó bá parí sí òdo: 00, 10, 20, 30, 40 àti 50. Ìṣẹ́jú 54 ni wọ́n ń fo nọ́ńbà méjì nínú wọn láàárín wákàtí kan, ó jẹ́ nọ́ńbà 108. Ẹ fi 29.97 pín 108, ẹ máa bá 3.6 níbẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù kò tó férémù mẹ́ta láàárín odidi ọjọ́ kan.

Ẹ máa mọ̀ ọ́n lójú: wọ́n sábà máa ń fi àmì ; ṣáájú férémù nínú drop-frame, àmì : ni wọ́n ń lò fún èyí tí kì í ṣe drop-frame. Fídíò 25 kò nílò rẹ̀ torí odidi ni 25. 23.976 náà kò ní drop-frame, ẹ fi ìyẹn gba ara yín lọ́wọ́ ìjà. Tí ẹnì kan bá lo drop-frame, tí ẹnì kejì kò sì lò ó nínú iṣẹ́ kan náà, nọ́ńbà wọn á bára mu ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, á wá máa jìnnà síra bí fídíò bá ṣe ń gùn. Ohun tó bá bára mu níbẹ̀rẹ̀ tó sì ń yapa díẹ̀díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ wo iye férémù àti drop-frame kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.

Kí ló dé tí ohùn fi ń sá fún ẹnu nínú fídíò fóònù?

Ọ̀pọ̀ fóònù, àti sọ́fítíwià tó ń gba àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, kì í gba férémù ní iye kan náà jálẹ̀. Tí iná ò bá tó tàbí tí fóònù bá gbóná, ó lè mú 30, kó mú 28, kó tún padà sí 30. Ohùn ní tirẹ̀ ń lọ bó ṣe ń lọ. Tí sọ́fítíwià editing bá wá gbà pé 30 ni gbogbo rẹ̀, àwòrán á máa sáré ju ohùn lọ. Nọ́ńbà ojúlé tí wọ́n kọ sára ilé irú fídíò bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé rárá.

Ẹ tún un ṣe kó tó wọ inú iṣẹ́ yín, ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ẹ bá gé e tán:

ffmpeg -i foonu.mp4 -fps_mode cfr -r 30 -c:v prores_ks -c:a pcm_s16le foonu_30.mov

Èyí á jẹ́ kí férémù dúró lórí 30 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á sì gbé e sínú ProRes tí kò ní yọ editing lẹ́nu. Ó ń gba àkókò lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ni.

Ibo ni ìyára ti ń ba timecode jẹ́?

Ọ̀nà kan wà tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá, títí kan Netflix, ń gbà mú encoding yára: wọ́n ń gé fídíò sí wẹ́wẹ́, wọ́n á fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ní ègé kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn á ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á wá so ó pọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà méjì lè ṣe irú rẹ̀. Àmọ́ ègé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú keyframe, kò sì gbọ́dọ̀ ní férémù tó ń wo inú ègé ẹlòmíràn.

Ohùn ni àwọn èèyàn kì í rò. Ẹ má gé ohùn mọ́ àwòrán. AAC, tó jẹ́ codec fún ohùn, máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ kékeré kan sí ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì kí iṣẹ́ rẹ̀ tó dọ́gba. Tí ẹ bá gé e sí ègé ogún, ìdákẹ́jẹ́ ogún lẹ máa so pọ̀, etí á sì máa gbọ́ ibi tí ègé ti pàdé. Ẹ ṣe ohùn lódindi lẹ́ẹ̀kan, kò wúwo, kí ẹ wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán tí ẹ ti so pọ̀ nípasẹ̀ "-c copy".

Timecode náà ń sọnù níbí. Sọ́fítíwià lè kọ ìbẹ̀rẹ̀ kan náà sórí gbogbo ègé, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn láti òdo. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ so wọ́n pọ̀ sí fáìlì kan, kò burú, ẹ kàn máa fi timecode sórí odidi rẹ̀ nígbà tí ẹ bá parí:

ffmpeg -i odidi.mov -c copy -timecode 01:00:00:00 pari.mov

Tó bá jẹ́ drop-frame, ẹ kọ ọ́ báyìí: "01:00:00;00". Ẹ má gbàgbé àmì tó yí i ká yẹn, torí tí kò bá sí, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a ń tẹ àṣẹ sí máa rò pé àṣẹ ti parí síbi tí ; wà. Àmọ́ tí ègé kọ̀ọ̀kan bá fẹ́ dá dúró, bíi pé ẹlòmíràn fẹ́ tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ègé tí wọ́n gé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú fídíò 25 tó bẹ̀rẹ̀ ní 01:00:00:00 gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 01:10:00:00.

Ẹ má fi ojú inú wò ó pé timecode wà níbẹ̀. Ẹ ṣí fáìlì náà pẹ̀lú MediaInfo, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ "Time code of first frame" sí. Tí ìlà náà ò bá sí, timecode ti bọ́ sọ́nà nìyẹn. Mo máa ń rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n ṣe èyí lórí ìṣẹ́jú kan péré nínú iṣẹ́ wọn, kí wọ́n tó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà mọ́jú: kí wọ́n export ìṣẹ́jú yẹn pẹ̀lú gbogbo ètò tí wọ́n fẹ́ lò, kí wọ́n wo férémù àkọ́kọ́ àti férémù ìkẹyìn rẹ̀, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà méjèèjì wé ti timeline. Tí férémù ìkẹyìn bá yàtọ̀ ní ẹyọ kan, ẹ dá export gígùn náà dúró, ẹ wá ohun tó fà á ná.